Àbẹ́là Méje, Ààwẹ̀ Mọ́kànlélógún

Ẹ má bínú bí ẹ bá rí i pé ẹ̀rín ń yọ láàárín ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, ó sì yẹ kí n fajú ro. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti rántí bí ìyá aládùúrà ṣe di káàdì mú lọ́jọ́ náà, bí ẹni tó di ẹja àrọ̀ mú kó má baà yọ́ bọ́, ẹ̀rín á kàn gbé mi lulẹ̀ ni.

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní ìkóríta Ọ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju tábìlì kan lọ lábẹ́ agboòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mọ́tò Oǹdó ti ń gbérò. Fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́, bátìrì tó wú bí àkàrà, ihò ìgbaná tí iyanrìn dí, èmi ni oníṣẹ́ wọn. Ìwé mi kò jìnnà. Mo fi sẹ́kọ́ńdìrì sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún kan kí n parí, mi ò sì ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni pé òun ló fà á. Ìwé ló sú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n fi báàgì dúdú kọ́ èjìká. Wọ́n ń wá ẹni tó lè tún ihò ìgbaná ẹ̀rọ kékeré kan ṣe kíákíá. Mo wo ẹ̀rọ náà, mo rẹ́rìn-ín.

"Mà, ṣé pí-ó-ẹ́sì lẹ fẹ́ máa ṣe? Ibí ti kún o. Ẹni bá sọ òkò síbí báyìí, orí oní-pí-ó-ẹ́sì ló máa bà."

"Kì í ṣe tàwọn oní-pí-ó-ẹ́sì," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ṣe é fúnra mi. Ìwádìí ni mò ń fi í ṣe."

Wọ́n fa káàdì kan yọ. Ó jọ èyí tí wọ́n fi ń gbowó ní báńkì, ó ní ojú góòlù kékeré kan lára. Wọ́n ní ojú góòlù yẹn, bó ti kéré tó yẹn, kọ̀ǹpútà ni, ó ń ronú, ó sì lè pa àṣírí mọ́ ju èèyàn lọ. Olùkọ́ ni wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Àkúrẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn àgbẹ̀ wa lè máa fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ohun tó jẹ́ tiwọn.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó kan wà ní Odígbó, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tàn dé Ajue àti Aráròmí-Obu. Wọ́n jọ ra àwọn páńpù tí wọ́n fi ń fín kòkó, wọ́n kó wọn sí yàrá kan. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, tí èso kòkó ń dúdú, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ á dé, á ní lágbájá ló rán òun wá, á gbé páńpù lọ. Páńpù lọ nìyẹn. Lágbájá á ní òun ò rán ẹnì kankan. Ìjà dé. Èrò àǹtí yìí ni pé kí olúkúlùkù ní káàdì tirẹ̀ àti nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin tí òun nìkan mọ̀. Ìwọ á ki káàdì bọ ẹ̀rọ, wàá tẹ nọ́ńbà. Bí iná aláwọ̀ ewé bá tàn, ìwọ ni, máa gbé páńpù lọ. Bí pupa bá tàn, ìwọ kọ́. Tó bá sì pupa lẹ́ẹ̀mẹta, káàdì á di ẹnu rẹ̀ pa, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, títí kan olówó orí rẹ̀.

Mo ti tún ihò náà ṣe tán, mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ.

"Ṣé ìwọ mọ ọ̀nà Aráròmí-Obu?" ni wọ́n bi mí.

"Bí ẹni mowó, mà."

Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo débẹ̀ rí, lẹ́yìn ọ̀kadà, mo sì dijú títí a fi dé nítorí eruku.

Wọ́n ní àwọn nílò olùrànlọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tó gba oorun lójú mi. Àyè kan wà ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣíṣe irú ẹ̀rọ yìí ní Àkúrẹ́, ọdún kan gbáko. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí rẹpẹtẹ. Olùkọ́ tó bá mọ ọ ni yóò dúró fún ọ. "Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n mú wá lọ́dún yìí. Bí o bá ṣe iṣẹ́ yìí bí mo ṣe ní kí o ṣe é, ìwọ ni màá mú."

Mo kó tábìlì wọlé lọ́jọ́ náà kí aago mẹ́rin tó lù. Mò ń rìn lọ, mò ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, tó fi jẹ́ pé ìyá tó ń ta ọsàn bi mí bóyá mo ti rí ìyàwó ni.

Àǹtí fún mi ní káàdì òfìfo kan kí n máa fi kọ́ iṣẹ́. Ẹ wò ó, ẹni tó ń da orin àti fíìmù kọ láti inú fóònù kan sí òmíràn ni mí. Mo gbà pé kò sí ohun tí èèyàn ò lè dà kọ láyé yìí. Mo so káàdì mọ́ èyí, mo so ó mọ́ tọ̀hún, láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ abẹ́ agboòrùn bá mi. Káàdì ò tilẹ̀ wò mí. Àǹtí dé bá mi níbẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń wò ó ni, mà."

"O fẹ́ jí i dà kọ ni, àbí?"

Mo tẹrí ba. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fa àga jókòó. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀wà rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í ní kí káàdì sọ àṣírí rẹ̀ síta. Ìbéèrè ló máa ń bi í, ìbéèrè tuntun nígbà gbogbo, tó fi jẹ́ pé ẹni tó mọ àṣírí nìkan ló lè dáhùn. Ẹni tó bá sá pamọ́ tó gbọ́ ìdáhùn àná, ti àná ló gbọ́, ìbéèrè tòní yàtọ̀.

"Áà!" ni mo ké. "Bí ìgbà tí olè bá ń fara wé ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá mi á ní, 'Bó o bá jẹ́ ọmọ mi lóòótọ́, kí ni mo bá ọ jà lé lórí láàárọ̀?'"

"O ti gbọ́ ọ yé!" Wọ́n gbá mi léjìká. "Káàdì yìí kì í ṣòro gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tó ni ín ni ìṣòro."

Òfin kan ni wọ́n wá fi dè mí. Àwọn àgbẹ̀ ni kó mú nọ́ńbà wọn fúnra wọn. Èmi á kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mi ò gbọdọ̀ dá àbá, ì báà ṣe ẹyọ kan. "Ohun tí mò ń wádìí gan-an nìyẹn," ni wọ́n wí. "Irú nọ́ńbà tí èèyàn máa mú nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá bá a mú un, àti bóyá á rántí."

Aráròmí-Obu la ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kadà méjì, ẹ̀rọ wà láyà àǹtí bí ọmọ tuntun. A fún wọn ní káàdì, wọ́n mú nọ́ńbà, a padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin láti wò ó. Ẹ gbà mí o! Pupa, pupa, pupa. Bàbá kan dúró níwájú ẹ̀rọ, wọ́n na ìka sókè.

"Nọ́ńbà mi dà?"

"Ẹ̀yin lẹ mú un, bàbá."

"Mo mú un lóòótọ́. Mo gbé e síbì kan. Ibi tí mo gbé e sí ni mi ò mọ̀."

Ẹnì kan fi èédú kọ tirẹ̀ sára ògiri ilé, òjò wá fọ̀ ọ́. Obìnrin kan ní òun sọ fún ọkọ òun, ọkọ òun ti lọ Agbabu, kí a dúró dè é. Mò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú àǹtí. Wọ́n jókòó sórí igi tó wó, wọ́n ní, "Tó bá rí báyìí ní Ajue náà, ìwádìí yìí ti kú nìyẹn." Mo gbọ́ ọ pé Àkúrẹ́ ló kú.

Nígbà tí a dé Ajue, alága ẹgbẹ́ mú àǹtí lọ wo ilẹ̀kùn yàrá páńpù tí wọ́n fẹ́ so ẹ̀rọ mọ́. Ó wá ku èmi nìkan pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé àdúrà. Ìsìn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà nínú sùtánà funfun, wọn ò wọ bàtà. Bàbá àgbà kan ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ìkálẹ̀ ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń pè mí ní ọma wọn, bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń pe ọmọ.

"Ọma mi, orí mi ò gba nọ́ńbà mọ́. Èyí tí Ẹ̀mí fún mi nìkan ló kù níbẹ̀."

Ẹni tó bá mọ ilé àdúrà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ìran bá wá fún ọ, wọ́n á kà á fún ọ: àbẹ́là báyìí ni kí o tàn, ọjọ́ báyìí ni kí o fi gbààwẹ̀. Wọn kì í sì í kẹ́lẹ́ kà á. Lójú gbogbo ìjọ ni.

"Kí ni Ẹ̀mí fún yín, bàbá?"

"Àbẹ́là méje, ààwẹ̀ mọ́kànlélógún."

Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti já bọ́ lẹ́nu mi. "Bàbá, nọ́ńbà nìyẹn! Òdo, méje, méjì, ọ̀kan! Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Bàbá wò mí bí ẹni pé mo bá wọn rí owó tó sọnù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún un tẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tàn, wọ́n sì jó, ìjó àgbà, èjìká nìkan. Àwọn tó kù ti rọ́ dé.

"Tèmi ni mẹ́ta, méje!"

"Èmi, méjìlá, mọ́kànlélógún!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, àṣírí ni!" Mò ń pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbà mí. "Ẹ máa sọ ọ́ sínú!"

"Àṣírí kẹ̀? Ojú pẹpẹ ni wọ́n ti kà á fún mi."

Ó yẹ kí gbólóhùn yẹn ta mí jí. Kò ta mí jí. Inú mi dùn jù. Mo rí Àkúrẹ́ tó ń jí dìde ní ibojì. Kí àǹtí tó padà dé, a ti ṣe gbogbo Ajue tán, mo sì kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú ojú mímọ́ bí ti áńgẹ́lì.

Ọ̀rọ̀ náà gun ọ̀kadà ṣáájú wa. Nígbà tí a fi dé Odígbó, tí a sì padà sí Aráròmí-Obu láti ṣí àwọn káàdì tó ti di ẹnu pa, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n máa tẹ̀. Àwọn tí kì í lọ ilé àdúrà pàápàá, ìyàwó wọn ń lọ, ìyàwó sì ti gbàran wá fún wọn. Ọkùnrin méjì péré ló yàtọ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọn kì í bá ẹnikẹ́ni dá sí nǹkan.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, a wò ó. Kò sẹ́ni tó gbàgbé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó gbàgbé. Àǹtí fò sókè lẹ́bàá ọ̀nà, olùkọ́ ńlá! Wọ́n fi fóònù pe ọ̀gá wọn ní Àkúrẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kíákíá, wọ́n ní àwọn ò tíì rí irú èyí rí níbikíbi, pé àwọn àgbẹ̀ yìí ní ọpọlọ ju bí ayé ṣe rò lọ. Wọ́n ra bọ̀ọ̀lì gbígbóná fún mi.

"Sọ òótọ́ fún mi," ni wọ́n wí. "Ṣé o ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ọ̀nà kankan?"

Bọ̀ọ̀lì kún ẹnu mi. Mo mi orí pé rárá. Mo ní tí mo bá gbé e mì tán, màá sọ̀rọ̀. Mo gbé e mì tán. Mo tún bù ú jẹ.

Wọ́n tún bi mí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní nítorí ohun tí wọ́n máa kọ ni. Lọ́jọ́ yẹn kò sí bọ̀ọ̀lì lẹ́nu mi. Mo ní, "Rárá, mà." Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí bó ṣe rí.

Ọjọ́ ìdánwò wá dé. Ọ̀gá Àkúrẹ́ fúnra wọn wá, àgbàlagbà kan tó ní ìgò lójú, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka ìwé. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Odígbó kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìdánwò náà ni pé kí a pe àwọn kan jáde láti ṣe olè. Wọ́n á fún olè ní káàdì ẹlòmíràn, á gbìyànjú nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí olè bá kùnà, káàdì yege nìyẹn, ọ̀gá yóò fọwọ́ sí i pé kí ìwádìí náà tẹ̀ síwájú sí àwọn ìlú mìíràn. Àǹtí ti sọ fún mi lójú ọ̀nà pé tí èyí bá ti yege, àwọn á fi orúkọ mi lé ọ̀gá lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn ọlọ́kadà méjì ló kọ́kọ́ ṣe olè. Káàdì tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Èkíní tẹ ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Pupa. Ó tẹ ọdún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n. Pupa. Ó tẹ nǹkan mìíràn, káàdì di ẹnu rẹ̀ pa. "Olè yẹ̀yẹ́!" ni wọ́n ń pariwo lé e. Èkejì náà kùnà. Àǹtí ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń wò mí.

Ọ̀gá wá wo iwájú, wọ́n rí ìyá aládùúrà. Ìyá náà ló ń darí ilé àdúrà Ajue, níbi tí àwọn ará Odígbó àti Aráròmí-Obu náà ti ń wá gbàran. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n pè wọ́n wá gbà.

"Ẹ jẹ́ kí màmá náà ṣe olè wò," ni ọ̀gá wí.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá àdúrà di olè o!" "Ẹ di àpò yín mú!"

Ìyá aládùúrà dìde, wọ́n tún sùtánà wọn tò. "Olúwa mọ ọkàn mi," ni wọ́n wí, wọ́n gba káàdì. Àwòrán alága wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta péré lẹ ní, mà," ni àǹtí wí.

"Ẹ̀ẹ̀kan tó mi."

Wọ́n gbé ìka kan lé e: ọ̀kan, méjì, méjì, ọ̀kan. Iná aláwọ̀ ewé.

Alága fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá ní kí wọ́n fún màmá ní òmíràn. Ti obìnrin kan láti Aráròmí-Obu ni. Wọ́n wo àwòrán rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Èyí ti jìyà rí," wọ́n tẹ̀ ẹ́. Aláwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹta, ti bàbá àgbà Ajue. Wọn ò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ mọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Òdo, méje, méjì, ọ̀kan.

"Halelúyà!" Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ké e, lẹ́yìn náà gbogbo ilé, ìgbà méje gbáko, ẹsẹ̀ lílù lórí sìmẹ́ǹtì. Obìnrin kan ti ń gbọ̀n nínú sùtánà rẹ̀. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Mò ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn! Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mò ń pàtẹ́wọ́, nítorí ayọ̀ náà pọ̀ ju ẹ̀rù lọ.

Ọ̀gá yọ ìgò ojú wọn. "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀mí ló fi hàn mí."

Wọn ò parọ́. Lójú tiwọn, Ẹ̀mí ló fún wọn ní gbogbo nọ́ńbà yẹn, ẹnu wọn ló gbà jáde ní ojú pẹpẹ. Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan wà tó sọ iṣẹ́ àdúrà di kọ́kọ́rọ́. Wọ́n kàn tẹ ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ olúkúlùkù ni.

Ọ̀gá di kálàmù mú, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa kọ. Wọ́n yíjú sí àǹtí. "Mi ò lè kọ Ẹ̀mí sínú ìwé yìí. Ẹ̀rọ ló ń sọ àṣírí síta. Ta ló ṣe ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni, sà." Ohùn àǹtí ti tín-ín-rín. Wọ́n ti yí ẹ̀rọ náà dojú dé, wọ́n ń wá àléébù ní ìdí rẹ̀.

"Ọdún mélòó lo fi ṣe é?"

Àǹtí ń fi àtàǹpàkò nu ihò ìgbaná tí mo tún ṣe.

Mo rí ọ̀nà méjì tí mo lè gbà sá pamọ́ lọ́jọ́ náà: ẹ̀yìn Ẹ̀mí àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó máa wá mi níbẹ̀. Bóyá àǹtí ṣì máa mú mi lọ Àkúrẹ́, nítorí àánú. Ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń wá àléébù lára ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Mo dìde.

"Sà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Kì í sì í ṣe Ẹ̀mí." Mo fọwọ́ lé àyà. "Èmi ni."

Ìyá aládùúrà yí padà, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ kẹ̀? Ìgbà wo lo di Ẹ̀mí?"

Ẹ̀rín tó bú níbẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ tán. Àwọn kan ń lu ara wọn lẹ́yìn. Alága fi fìlà nu omijé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láàárín ẹ̀rín yẹn, òógùn ń kán sí mi lójú: bàbá àgbà, àbẹ́là, òdo, méje, méjì, ọ̀kan. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mi ò lè dá a dúró, àfi bí ẹni tí kòkòrò wọ aṣọ rẹ̀. Àǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo wọn?" ni wọ́n bi mí.

"Gbogbo wọn, mà. Àfi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò."

Ọ̀gá wo àwọn káàdì méjì tó ti di ẹnu pa lórí tábìlì. Ikùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì kí ẹ̀rín tó dé ẹnu wọn. "Ilẹ̀kùn yìí lágbára," ni wọ́n wí. "Ẹ ti wá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe orin ìjọ." Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé wọn, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé kálàmù sílẹ̀. Wọn ò fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má nà án o," ni ìyá aládùúrà ń sọ fún àǹtí. "Ẹnu rẹ̀ ló yá. Àbí èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ yìí jẹ́?"

Nígbà tí a ń kó ẹrù, àǹtí bá mi sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé tí mo bá sọ̀rọ̀, Àkúrẹ́ lọ nìyẹn, mà."

Wọ́n fa síìpù báàgì dé òpin. "Tèmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ lónìí, ṣé o mọ̀? Ọdún mẹ́ta."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì yẹn, àwọn ọmọdé ń wò mí lójú fèrèsé. Wọ́n ní kí n dìde, kí n gbé báàgì.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi tún un ṣe. Ẹrù nìkan ni mò ń gbé. Tí ó bá kan nọ́ńbà, àǹtí á ní kí n lọ dúró sídìí kòkó, mo sì máa ń lọ jìnnà ju bí wọ́n ṣe ní lọ. Mo gbọ́ wọn níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mú nọ́ńbà tí ẹlòmíràn ti gbọ́ rí.

"Kí ló kù tí ìjọ ò mọ̀ nípa mi?" Bàbá àgbà Ajue ni. Gbogbo ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nínú kòkó lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo padà dé, bàbá ti tẹ tiwọn, ojú wọn sì dà bí ti ọmọdé tó fi ẹran sábẹ́ ẹ̀kọ. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Ìyàwó wọn bi wọ́n, wọ́n ní kó máa lọ.

Àwọn kan gbàgbé tiwọn lóòótọ́, iná pupa tún tàn, a tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá padà wá, tí ìyá aládùúrà tún ṣe olè, tayọ̀tayọ̀, ó pupa fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ̀mí ò bá mi sọ̀rọ̀ lónìí," ni wọ́n wí, wọ́n padà lọ jókòó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àǹtí ju gbogbo wa lọ. Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé.

Lọ́jọ́ tí àǹtí ń padà sí Àkúrẹ́, wọ́n yà sí tábìlì mi. Mi ò béèrè. Àwọn ló sọ ọ́.

"Níbi tí ǹ bá mú ọ lọ, àṣírí àwọn èèyàn ni wọ́n máa ń fi sí ọ lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa bi mí nípa rẹ: ṣé a lè fọkàn tán an? Lọ́dún yìí, mi ò lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti mú ẹlòmíràn."

Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an, kò sì sí ibi tí mo fẹ́ gbé e lọ. "Ẹ̀yin lẹ jàre, mà," ni mo wí.

Wọ́n wá ṣí kọ̀ǹpútà wọn lórí tábìlì mi, láàárín àwọn bátìrì, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ibì kan fún mi. Òyìnbó ni. Mo kà á díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùrànlọ́wọ́ ìwádìí yìí dá àbá nọ́ńbà fún àwọn àgbẹ̀, ó sì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ní òun ló dìde fúnra rẹ̀ tó jẹ́wọ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń fura sí i, àti pé nínú ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan nípa mi rí.

"Ṣé èyí á ràn mí lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, mà?"

"Mi ò mọ̀. Pè mí lọ́dún tó ń bọ̀, kí o béèrè."

"Ṣé mo lè ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù mi? Kí n fi han ìyá mi."

"Rárá o. Kò tíì jáde. Àṣírí ni."

A wo ara wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwa méjèèjì, àwa tí a kò tíì jọ rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ gbọ̀ngàn, a di tábìlì mú, bátìrì ń yí bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ ń fọn fèrè. Àǹtí nu ojú, wọ́n ti kọ̀ǹpútà wọn pa, wọ́n wọ mọ́tò Oǹdó, wọ́n sì lọ láìmú mi.